Ìbòrí Àga Bíṣọ́ọ̀bù

Mùkáílà káfíńtà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Nígbà tí ìjọ Àgùdà tó wà ní Ara fẹ́ àga tó ní ìbòrí, tí bíṣọ́ọ̀bù yóò jókòó sí lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Jeremiah, olórí àwọn àgbà ìjọ, fárígá. Ó ní, “Ìmàle kẹ̀? Ṣé káfíńtà mìíràn ò sí mọ́ ni?” Olújídé, ọ̀rẹ́ Mùkáílà tó jẹ́ ọmọ ìjọ, ló dìde sọ pé bí àga náà bá dójú ti ìjọ, kí wọ́n má pe òun sí ìpàdé mọ́ láéláé. Họ́wù! Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú?

Àga ọ̀hún sì dára, ká má parọ́. Níbi igun ìbòrí, Mùkáílà gé igi méjèèjì ní dagẹrẹ, ó fẹnu wọn kora, abẹ ò ráyè wọ àárín wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fádà òyìnbó fọwọ́ pa igun náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní “máítà” ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ nílùú àwọn, orúkọ kan náà tí fìlà bíṣọ́ọ̀bù ń jẹ́.

“Fìlà wo, Fádà?”

Fádà gbé ọwọ́ sókè réré lókè orí ara rẹ̀. Ó ní fìlà gogoro ni, tòun tiẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù máa ń jókòó.

Mùkáílà gbójú sókè wo ìbòrí: ó ti rẹlẹ̀ jù fún irú fìlà bẹ́ẹ̀. Kátíkístì ìjọ ni wọ́n fi wọn gíga ìbòrí, láìdé fìlà kankan! Ta ni ì bá rò ó? Lọ́jọ́ tó wá wọ̀n ọ́n, Bàbá Jeremiah gan-an ló ní kí Mùkáílà ṣí fìlà tirẹ̀, pé ọkùnrin kì í dé fìlà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Kò le,” ni Bàbá Jeremiah, tí òun àti Olújídé dúró tì wọ́n, wí. “A ó bẹ bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n ṣí i.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. A kì í pe àlejò wálé ká tún bẹ̀ ẹ́ kó ṣí fìlà nítorí àga. N ó tú u.”

“Àwẹ̀ lo gbà o!” ni Olújídé pariwo. “Oòrùn yìí á dá ọ dúbúlẹ̀.”

“Kó tó dá mi dúbúlẹ̀, n ó ti parí rẹ̀.”

Ó tú àwọn igun tó fi ń yangàn, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n. Àwọn òpó tó gbé ìbòrí dúró ti kúrú jù, kò sì rí ìrókò gbígbẹ mọ́ l'Ara. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé l'Éjìgbò, ó sì yọ férémù ìrókò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀.

“Bàbá Mùínàt!” Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí. “Ẹ ń tú ilé wa nítorí bíṣọ́ọ̀bù?”

“N ó ṣe òmíràn, Sìdí. Bá mi di í mọ́ kẹ̀kẹ́.”

Ó rojú, àmọ́ ó bá a di í.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, ó ti gbé ìbòrí ga sí i. Mùkáílà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bíṣọ́ọ̀bù yí padà, wọ́n jókòó tòun ti fìlà. Fìlà náà wọ abẹ́ ìbòrí, kò kan nǹkan kan! Olújídé mí kanlẹ̀. Bàbá Jeremiah fúnra rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó wá bá Mùkáílà.

“Jókòó, ọmọ mi. O ti ṣe é.”

Mùkáílà ò mójú kúrò lára ìbòrí.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí wọ́n bá dìde tán, tí fìlà ò gbá nǹkan kan, n ó jókòó.”