Ìbúra Tí Aránṣọ Ṣe

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Aránṣọ kò fi yọjú sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì kò sì pè é. Ohun tó ń jẹ Nọ́ọ̀sì lọ́kàn nìyẹn bó ṣe ń yára lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn, òun ló ń bójú tó àwọn àgbàlagbà mẹ́rìnlá tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sọ́nà, kálukú pẹ̀lú ọmọ kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" Kò bi Aránṣọ, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ti rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bẹ́ẹ̀ kò lè níṣòro kó má pariwo.

Ó bá a nídìí máṣíìnì, ó ń tú ohun tó ti rán.

"Ẹ káàsán, mà." Aránṣọ kò gbójú sókè. "Iṣẹ́ ló pọ̀ o."

"N kò bá ti iṣẹ́ wá." Nọ́ọ̀sì fa àpótí, ó jókòó. "Ojú ẹ ti wọnú. Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Ìbéèrè kékeré yẹn ló mú kí omi bọ́ lójú Aránṣọ. "Mo ti búra, mà. Ọmọ tí mo bí ni mo fi búra."

Òfin àkọ́kọ́ tí Nọ́ọ̀sì kọ́ gbogbo wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ búra àṣírí fún ọmọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọmọ tó wà lọ́wọ́ Aránṣọ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Oṣù méje ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣàwàdà nídìí máṣíìnì yẹn.

"N kò ní bá ẹ jà," Nọ́ọ̀sì ní. "Ṣé ọmọ náà wà nínú ewu?"

Aránṣọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nígbà wo?"

"Lónìí, mà. Aago mẹ́rin."

Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde. Ọkùnrin kan tí ọmọ náà kò fojú rí rí, orí fóònù ni wọ́n ti pàdé, ló ṣèlérí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì fún un ní òkèèrè. Ó ní kó má sọ fún ẹbí, òun á wá fi ọkọ̀ gbé e lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Ó wá dà bí adìẹ tó bà lé okùn, mà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá sọ, kò ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Bí n kò bá sì sọ..."

Aago mẹ́ta ti kọjá. Nọ́ọ̀sì pe àbúrò ìyá ọmọ náà. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ó tún pe àbúrò ìyá. Kò tún gbé e.

"Dìde," ó ní. "Ká lọ."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́rin lù nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹlẹ́rìn-ín fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Bó ṣe rí Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn Aránṣọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí, ẹ búra fún mi!"

"Mo búra."

"Ẹ fi ọmọ yín búra!"

"Kò yẹ kí n búra rárá. Ẹ̀bi mi nìyẹn, kì í ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n kí o kórìíra mi ládùúgbò yìí sàn fún mi ju kí o fẹ́ràn mi níbi tí n kò ti ní rí ọ mọ́."

Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan yọ ní ìkòríta. Nọ́ọ̀sì lọ dúró sáàárín ọmọ náà àti títì. Ọkọ̀ náà dẹwọ́, àwọn tó wà nínú ẹ̀ wò wọ́n fín, ọkọ̀ náà sì sáré lọ. Nọ́ọ̀sì ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sókè léraléra kó má baà gbàgbé.

Ẹlẹ́rìn-ín rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó ní òun nìkan ló ń bọ̀," ó ní. "Ọkùnrin mẹ́ta ni mo rí."

Títí di ìsinsìnyí, ọlọ́pàá kò tíì rí ọkọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì fi Ẹlẹ́rìn-ín sọ́dọ̀ atọ́nà mìíràn, nítorí kò fẹ́ gbọ́ ohùn Aránṣọ sétí. Aránṣọ ní òun kò ṣe mọ́. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó kàn ń lọ jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń bi í bó ṣe sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Aránṣọ pè é lórí fóònù.

"Mà, Ẹlẹ́rìn-ín gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ó kí mi."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ káàsán. Kò fi àǹtí sí i o."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo dáhùn. Mo wá jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń rán."