Ẹni Méje fún Òkè Gagnier

4.

…nítorí náà, kò sí aláṣẹ mọ́ ní ìlú Perley Notch. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi ni akọ̀wé ìlú. Rírẹ́rìn-ín kò sí lára iṣẹ́ mi.

5.

ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́)
A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ó ti di ti gbogbo yín. Ìbò ilé kọ̀ọ̀kan wà nínú fóònù. Ẹni tí kò bá dìbò kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀rọ olùdámọ̀ràn inú fóònù yóò dì í fún un, gẹ́gẹ́ bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́.

6.

Kí olùdámọ̀ràn náà lè mọ ọkàn wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: *Kí lo fẹ́ lọ́dọ̀ ìlú?*

Ìdáhùn:
Kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀.
Kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀.
Ẹ má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mi.
Kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

(Ilé igba ó lé méjìlá. Òmìnira ni a ń pè é níbí.)

7.

A gba agbára lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí a mọ ilé wọn. A pín in fún gbogbo ènìyàn. Gbogbo ènìyàn sì gbé e fún ohun kan tí kò nílé.

8.

ÌPINNU: Kí katakata ìlú má ṣe kó yìnyín ọ̀nà Òkè Gagnier mọ́.
Ìdí: àwọn ará ìlú ní kí a fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni: 209. Bẹ́ẹ̀ kọ́: 3.

Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gbé Roland Gagnier gbà lọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́.

9.

OHÙN TÍ A GBÀ SÍLẸ̀, ìpàdé ìlú, oṣù Kẹta

DELPHINE GAGNIER (aya Roland): Orrin, ta ló ní kí wọ́n pa ọ̀nà mi tì?
ORRIN TUTTLE (alága ìpàdé): Kò sẹ́nì kankan, Tíṣà. Gbogbo wa ni.
DELPHINE: Ìwọ náà dìbò?
TUTTLE: Fóònù mi ló dì í. Mò ń se oje igi mépù di ṣúgà lọ́wọ́.
DELPHINE: O ò yí padà rárá. Ní kíláàsì kejì, tí mo bá ní ta ló fọ́ fèrèsé, wàá ní "gbogbo wa ni."
(Ẹ̀rín.)
TUTTLE: Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú.
DELPHINE: Yìnyín náà kì í ṣe é. Roland á kú sórí òkè láìsí ojúsàájú kankan. Ṣé òfin ẹni méje ṣì wà, àbí ẹ ti ki ìyẹn náà bọnú fóònù?

10.

Ó ṣì wà. Wọ́n gbàgbé láti pa á rẹ́. Bí ẹni méje bá fi ẹsẹ̀ ara wọn dìde, a ó tún ìbò náà dì lórí ìwé, lójú ara wa.

11.

Delphine dìde.
Awakọ̀ katakata.
Obìnrin tó se ẹ̀wà ọ̀sán.
Àwọn Pruitt méjèèjì, tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀.
Tuttle, tí kò lè wo ojú tíṣà rẹ̀.

12.

Mo ti ń sọ fún ara mi pé mo wà lára àwọn mẹ́ta tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

(Mo ti yẹ fóònù mi wò. *Akọ̀wé: bẹ́ẹ̀ ni.* Mò ń to àga lọ́wọ́ nígbà tí ó dì í fún mi.)

13.

Ó ku ẹnì kan. Orúnkún mi ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

14.

TUTTLE: Akọ̀wé, èèyàn mélòó ló dìde?

15.

Iye àwọn tó dìde: ______