Obìnrin Tó Ní Òun Kọ́ Ni Òun

Ìpè àkọ́kọ́ wọlé nígbà tí Naw Hser Wah ń jẹun ọ̀sán lórí àpótí tòmátì tó dojú dé. Ìrẹsì àti ẹja yíyan ló gbé wá láti ilé, pẹ̀lú ata gígún tí kò sí òyìnbó kan nínú oko náà tó lè fi ahọ́n kàn án. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó gbé fóònù sétí.

"Hser Wah ni?" Ohùn obìnrin ni, ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi ń hó lórí iná rẹ̀.

"Naw Hser Wah," ló dáhùn.

"Áà, ẹ má bínú," ni obìnrin náà wí, ó sì gé ìpè náà.

Naw Hser Wah tẹjú mọ́ fóònù. Kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ló ti ń retí ìpè láti ilé ìwòsàn. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí omi ìrẹsì, tó fi jẹ́ pé tòmátì tó pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá oko ti dá àpótí rẹ̀ padà nítorí tòmátì tí kò pọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo. Ó kàn ní tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó lọ sinmi nílé títí wọn yóò fi ṣe ojú náà. Naw Hser Wah mọ ìtumọ̀ "lọ sinmi". Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi lọ́dún tó kọjá ṣì ń sinmi dòní.

Àwọn Karen, ìyẹn ẹ̀yà Naw Hser Wah, kì í pe obìnrin ní orúkọ lásán. Naw ló máa ń ṣáájú orúkọ obìnrin, Saw ló máa ń ṣáájú ti ọkùnrin. Ajá àti adìẹ nìkan là ń pè láìfi nǹkan kan ṣáájú. Bí "Nọ́ọ̀" ni Naw ṣe ń dún lẹ́nu. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá pè é ní Hser Wah gbẹrẹfu, bí ìrẹsì tí kò lọ́bẹ̀, Naw Hser Wah a máa rọra tún un ṣe fún un, láìbínú.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Saw Kler Htoo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń gba àwọn àlejò tuntun, pe gbogbo Karen tó wà ní Bendigo, ìlú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ́fíìsì méje tó ń ran àwọn àlejò lọ́wọ́ ti pa ìwé wọn pọ̀. Bó o bá dé ọ̀kan, ọ̀kan náà ló máa tọ́ka rẹ sí ìyókù. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ gbọọrọ kan, wọ́n fi kọ́ ògiri: KÒ SÍ ILẸ̀KÙN ÀṢÌṢE.

"Ilé tó ní ilẹ̀kùn méje," ni Naw Paw Lah, àbúrò Naw Hser Wah, sọ fún ẹni tó jókòó tì í, "atẹ́gùn ni yóò pa wọ́n síbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ nǹkan náà. Tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló máa ń bi ènìyàn ní ọjọ́ ìbí, ibùdó tó ti wá, àti ogun tó sá fún. Obìnrin kan wà tó ròyìn ikú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín oṣù kan, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó kàn ń kà á bí ẹni ń ka iye ewúrẹ́. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìyẹn dára.

Ìpè kejì bá Naw Hser Wah ní ibùdókọ̀. Ìpè kẹta bá a nílé, níbi tó ti ń ṣa ewé ìṣápá fún ọbẹ̀.

"Hser Wah ni?"

"Naw Hser Wah."

"Áà. Ẹ má bínú."

Naw Paw Lah yọjú láti ibi tó ti ń fọ aṣọ. "Ta ni yẹn?"

"Ẹni tó ń bẹ̀ mí ni."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni?"

"N ò mọ̀. Ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa bẹ̀ mí."

"Ẹ dárí jì wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n lè yé dààmú wa."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni nǹkan dojú rú. Bọ́ọ̀sì kékeré tó máa ń kó àwọn àgbà obìnrin lọ sí kíláàsì èdè kò yà. Naw Hser Wah fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Tíṣà, tó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méjì, wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó ní kó jókòó, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìwé. Nọ́ọ̀sì tó máa ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ kejì kò wá. Àwọn tó ṣèlérí láti tún fèrèsé wọn ṣe náà kò wá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọlé láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bú ẹnìkan ni?"

"Èdè wo ni mo fẹ́ fi bú u?"

"Ẹ lè fi ojú bú u."

"Ojú wo?"

Naw Hser Wah kò lè sùn dáadáa mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò ní ibùdó àwọn asásálà ní ààlà Thailand. Níbẹ̀, bí orúkọ ènìyàn bá já kúrò nínú ìwé, ìrẹsì rẹ̀ já kúrò nínú àpò. Kò sẹ́ni tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Wàá kàn dé iwájú ìlà, wàá rí i pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ni wọ́n ń wò.

Nígbà tó di Fúráìdeè, ó wọ aṣọ híhun rẹ̀ pupa, ó mú Naw Paw Lah dání, ó lọ bá Saw Kler Htoo ní ọ́fíìsì.

"Ìyá, ẹ jókòó." Saw Kler Htoo tẹ orúkọ Naw Hser Wah sínú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. "Ìyá, wọ́n ní nọ́ńbà fóònù yìí kì í ṣe tiyín."

"Ti ta ni?"

"Wọn ò mọ̀. Ilé ìwòsàn ló kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn pè lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ojú, àmọ́ ẹni tó gbé e ní òun kọ́."

"Èmi ni mo gbé e."

"Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn."

"Ta ló wá ní òun kọ́?"

"Ẹ̀yin."

"Mo ní èmi kọ́ ni èmi?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí, Ìyá."

Naw Paw Lah sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta wá ni mo ń bá gbélé?"

Ibẹ̀ ni Naw Hser Wah ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kò kàn rí ìdí rẹ̀ ni. Ìwé ti di ọ̀kan. Ohun tí ilé ìwòsàn kọ, gbogbo ọ́fíìsì mẹ́fà yòókù kà á, wọ́n sì gbà á gbọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀kan bá ṣì ọ́ mọ̀, ìyókù á ṣì mọ̀ ọ́.

"Kí lẹ máa ń sọ tí wọ́n bá pè?" ni Saw Kler Htoo béèrè.

"Mo máa ń dá wọn lóhùn."

"Bíi ti báwo?"

"Bí ọmọlúàbí."

Saw Kler Htoo họ orí. Ó pe Bronwyn, òyìnbó onírun funfun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, òun gan-an ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lára aṣọ gbọọrọ yẹn. Ó bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí yàrá kejì, kó tẹ obìnrin yìí láago bí ilé ìwòsàn ṣe máa ṣe é. Bronwyn lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Fóònù dún.

"Hser Wah ni?"

"Naw Hser Wah."

"Áà, ẹ má bínú," ni Bronwyn wí, ó sì gé e.

Wọ́n gbọ́ ọ nínú fóònù, wọ́n sì gbọ́ ọ láti ara ògiri. Lẹ́yìn náà, àga kan ṣubú ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn ṣí, Bronwyn sì dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá," ni Saw Kler Htoo wí, "báwọn òyìnbó ibí ṣe ń sọ 'rárá' nìyẹn tí ẹnu wọn bá ń ṣọ̀lẹ. Nọ́ọ̀. Wọ́n bi yín bóyá ẹ̀yin ni Hser Wah, ẹ wá ní rárá."

Naw Paw Lah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Naw Hser Wah kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni ìwọ máa ń sọ?" ló bi Saw Kler Htoo.

"Kler Htoo."

"Láìsí Saw?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá."

"O sì ń jẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣé ajá ni ẹ́?"

"Rárá, Ìyá."

"Nọ́ọ̀," ni Naw Paw Lah wí, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Saw Kler Htoo pe ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà láti dá orúkọ náà padà, ṣùgbọ́n ìpè kan ṣoṣo ló kù. Bí ìyẹn bá tún bọ́, ó padà sí ìsàlẹ̀ ìlà nìyẹn, oṣù mẹ́jọ míràn. Ó ní kí Naw Hser Wah sọ pé "Yẹ́ẹ̀sì" kó tó sọ orúkọ, kó sì fi Naw sílẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn kì í kọ́kọ́ mú ògbufọ̀ wá?"

"Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin ni kí wọ́n tó pè é."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ nílé. Naw Paw Lah á ké láti ilé ìdáná, "Hser Wah ni?"

"Yẹ́ẹ̀sì, Naw..."

"Ẹ ti padà sí ìsàlẹ̀ ìlà. Ẹ lọ sinmi."

Nígbà tí ìpè náà dé, ọwọ́ Naw Hser Wah wà nínú omi ọṣẹ. "Yẹ́ẹ̀sì, Hser Wah," ló wí. Ó dún létí rẹ̀ bí orúkọ adìẹ. Obìnrin náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kó dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn Karen kan wọlé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Naw Hser Wah," Naw Hser Wah sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ Túsìdeè ni iṣẹ́ abẹ náà, ojú ọ̀tún ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe.

Lẹ́tà dé ní ọjọ́ kẹta. Naw Paw Lah, tí ojú rẹ̀ dáa, ló kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti sọ yín lórúkọ."

Níbi tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà, "Yẹ́ẹ̀sì" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Hser Wah wá di orúkọ ìdílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, bọ́ọ̀sì ti padà, nọ́ọ̀sì ti padà, wọ́n sì wá tún fèrèsé ṣe, ṣùgbọ́n "Yẹ́ẹ̀sì" ni gbogbo wọn ń pè é.

Saw Kler Htoo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ abẹ yóò fi kọjá. "Tí mo bá yí orúkọ padà báyìí, ẹlòmíràn lẹ máa dà lójú ìwé. Ẹ jẹ́ kí ojú là ná."

Ní Túsìdeè, ní ilé ìwòsàn, Naw Paw Lah lọ wá tíì, ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń dúró. Nọ́ọ̀sì kan jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Lójú Naw Hser Wah, àwọ̀ funfun kan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Yẹ́ẹ̀sì?" ni nọ́ọ̀sì wí.

Kò sẹ́ni tó dìde. Ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ó ń dá lóhùn. Naw Hser Wah náà wo ẹ̀yìn.

"Yẹ́ẹ̀sì?"

Ta ló bi obìnrin yìí ní nǹkan? Nọ́ọ̀sì ti ń ṣí ìwé sí ojú ewé kejì kí Naw Hser Wah tó rántí pé òun ni Yẹ́ẹ̀sì. Ó dìde kíá, báàgì rẹ̀ ṣubú.

"Hser Wah ni yín?"

Naw dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó há síbẹ̀, bí eegun ẹja. Ó pa ẹnu dé, ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ tí ilé ìwòsàn so ìwé orúkọ mọ́ sí nọ́ọ̀sì náà kó kà á fúnra rẹ̀.