Ọmọ Jóòbù Mélòó?

Télọ̀ kan gbé ìwé àlàyé Bíbélì kejì kalẹ̀, ó fa ẹ̀kẹta mọ́ra, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn.

“Ìyá tíṣà, ẹ̀yìn lẹ ti ń ka ìwé?” ni bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ìwé náà bi í, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Bàbá, télọ̀ ni mí. Tí mo bá fẹ́ mọ aṣọ tó dáa, inú rẹ̀ ni mo máa ń yí síta. Ibi tó le láti rán ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ.”

“Ẹ ṣáà má tú òwú ìwé mi o.”

Télọ̀ yìí ló ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní kó wá ìwé kan tó ṣàlàyé Jóòbù, Òwe àti Oníwàásù, kó má ṣe ra ti àwọn tó ń bomi la Bíbélì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níwájú rẹ̀ kò bomi là á. Ká ní ti pásítọ̀ nìkan ni, ì bá ti mú èyí tó dán jù, kó máa lọ ilé.

Káfíńtà kan tó wà ní kíláàsì rẹ̀ ni kò jẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ sì ti tún lóyún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni káfíńtà nawọ́ ní kíláàsì: “Tíṣà, àwọn ọmọ tí Jóòbù bí gbẹ̀yìn, ṣé wọ́n rọ́pò àwọn tó kú?” Tíṣà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ dáhùn wàrà, “Bẹ́ẹ̀ ni! Ìlọ́po méjì l'Ọlọ́run fi dá gbogbo rẹ̀ padà!” Kíláàsì hó yèè. Káfíńtà mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ó dun télọ̀ dọ́kàn.

Ìwé kìíní fo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà. Èkejì ń yin ràkúnmí tí Jóòbù gbà padà. Ẹ̀kẹta ní kí òǹkàwé ka iye ohun tí Jóòbù gbà padà: àgùntàn di ìlọ́po méjì, ràkúnmí àti màlúù náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́wàá ló kú, mẹ́wàá péré ló tún bí. Ẹran tó kú ti lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ogún sì ni ọmọ Jóòbù.

Télọ̀ wá àga, ó jókòó.

“Ṣé kò sí wàhálà o?” ni bàbá bi í.

“Bàbá, ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń kọ́ wọn ní Jóòbù. Mi ò ka àwọn ọmọ yẹn rí.”

Ó ra ẹ̀kẹta náà, ọ̀dọ̀ káfíńtà ló sì gbà lọ tààrà. Ọkùnrin náà ń fá pákó ibùsùn ọmọ tuntun, ó kí i, kò gbójú sókè.

“Mo ṣìsọ lọ́jọ́sí, ẹ má bínú,” ni télọ̀ wí. Ó ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù tó há sétí, ó ń fi tọ ìlà ìwé náà lọ, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ó ní, “Ogún.” Ó dá pẹ́ńsùlù padà sétí. “Nígbà tí ìyàwó mi bá bí, tí wọ́n bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní ńkọ́?”

“Ẹ sọ fún wọn pé méjì.”

“Méjì,” ni káfíńtà wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Àlàyé mẹ́ta mìíràn ṣì wà lẹ́nu télọ̀, wọ́n dùn gan-an. Ó gbé wọn mì, ó sì bá a di orí pákó kejì mú.