Ilé Tí Ládi Ti Wọ̀

Bí Tàjúdíìn bá gbọ́n ni, ì bá má ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí inú rẹ̀ bá ń dùn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó ń ròyìn ilé tó rí ní Tudun Wada fún ìyàwó rẹ̀, Kùdírátù: ìdáná fẹ̀, ó ní fèrèsé méjì, oòrùn ọ̀sán kì í wọ yàrá, omi kànga sì mọ́ gaara.

Kùdírátù ń fọ ẹsẹ̀ Sùmáyyà, ọmọ wọn. Ọjọ́ kẹrin rèé tí òun àti ọmọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Sókótó, tí wọ́n wọ̀ sílé Àǹtí Nana, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí Tàjúdíìn sí, òun ló sì ṣáájú wá lóṣù tó kọjá láti wá ilé.

"Bàbá Sùmáyyà, ta ló bá yín wọ inú ilé yẹn?"

Kò ṣàdédé béèrè. Ní Sókótó, ọkùnrin tó ń wá ilé kì í kọjá sáúrè, yàrá àbáwọlé, bí àwọn obìnrin onílé bá ṣì wà nínú. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí. Obìnrin rẹ̀ ni yóò wọlé lọ wo gbogbo rẹ̀, tí yóò sì jáde wá sọ ohun tó rí.

Tàjúdíìn gbójú sókè wo àjà. "Ládi ni. Ẹsẹ̀ ń dun Àǹtí Nana nígbà yẹn."

Ládi kẹ̀! Kùdírátù ò fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n ó mọ ìtàn rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Òun ni Tàjúdíìn ì bá fẹ́, bí kì í bá ṣe pé bàbá Ládi fi ọmọ fún ẹlòmíì. Ọkọ ọ̀hún ti wá kọ̀ ọ́ báyìí, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Níbo nilé bàbá náà wà? Tudun Wada ni, ojúlé kẹta sí ilé onífèrèsé méjì.

 Kùdírátù ń rí Ládi lọ́kàn rẹ̀, tó dúró nínú ìdáná òun, tó ń fẹsẹ̀ wọn ibi tí ibùsùn òun àti ọkọ òun yóò wà. Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ìwọ̀nba tó kù láyà Kùdírátù, ọjọ́ yẹn ló tán.

"N ò lè gbé Tudun Wada. Èrò ti pọ̀ jù. Ariwo kẹ̀kẹ́ ò ní jẹ́ kọ́mọ sùn."

Àǹtí Nana, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, rẹ́rìn-ín. "Kai! Ṣé ariwo kẹ̀kẹ́ ni, àbí ẹni tó wà ní ojúlé kẹta?"

Kùdírátù tẹ orí ba, ó tún bu omi sẹ́sẹ̀ ọmọ.

Wọ́n lọ wo àdúgbò Gawon Nama, ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀. Ó wá ku ilé kan ní Gidan Igwai. Tàjúdíìn lọ́ra kó tó dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Àúdù onílé jókòó sí sáúrè. Kande, ìyá arúgbó tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó jáde, ló mú Kùdírátù wọlé. Ìdáná ṣókùnkùn, kò ní fèrèsé kankan. Ojú ọ̀run hàn láti inú yàrá. Kùdírátù ò gbọ́ Hausa ju ìkíni lọ, ṣùgbọ́n ìyá náà ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó ju garawa sí kànga, ó fà á sókè, yanrìn ló gbé wá.

"Babu ruwa," ó ní, pé kò sí omi, ó ń mi orí bí ẹni ń bá a kẹ́dùn.

Ohùn Tàjúdíìn dé láti sáúrè. "Ìyá Sùmáyyà, omi ńkọ́?"

Kùdírátù wo yanrìn inú garawa. Òtítọ́ dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Tudun Wada ló kù. Ládi ló kù, tí yóò máa yà wá bu iyọ̀, tí yóò máa fi Hausa tí òun ò gbọ́ pa ọkọ òun lẹ́rìn-ín.

"Omi wà!" ó ké. "Ó mọ́ ju ti ibòmíì lọ."

"Ìdáná ńkọ́?"

"Ó fẹ̀!"

Wọ́n gba ilé náà. Kande kó jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, Kùdírátù àti ọkọ rẹ̀ sì kó wọlé lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Kùdírátù ò pé ọ̀sẹ̀ kan. Tàjúdíìn wọ ìdáná, ó jáde. Ó wo òrùlé. Ó ju garawa sí kànga, ó dún gbì.

"Ó dà bíi pé ooru yìí ló..." Kùdírátù bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Ládi ti wo ilé yìí fún mi lóṣù tó kọjá. Ó ní kànga ti gbẹ, òrùlé ti lu. Mo ní kó o fojú ara rẹ rí i, bóyá wàá gbà fún Tudun Wada. Nígbà tó o ní omi wà, mo lọ bá Ládi nílé wọn. Mo pè é ní òpùrọ́ níwájú bàbá rẹ̀. Mo ní ó fẹ́ fi irọ́ fà mí sún mọ́ ara rẹ̀. Mo ní ìyàwó mi ò lè parọ́ fún mi láé."

 Tàjúdíìn ti ń wọ bàtà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Bàbá Sùmáyyà?"

"Ọ̀dọ̀ Ládi. Mo gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́."

Kùdírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà sáúrè, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe kọrí sí Tudun Wada.