Aṣọ Ìkélé Àrán Alága

Iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ irin, a máa jẹ ìṣó, a sì máa jẹ kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi há mọ́ ojú ilẹ̀kùn, àmọ́ kò rí aṣọ Alága jẹ. Ọ̀gá ilé ìwé ni Alága kó tó fẹ̀yìn tì, kí àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí òkun tó fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn. Bó bá jókòó, ṣòkòtò rẹ̀ a pariwo bíi páálí tí wọ́n ṣẹ́ po. Alága Sítáàṣì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀. Kò bínú, torí lójú tirẹ̀, oríkì ni.

Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn igi etí omi, tí gbòǹgbò wọn máa ń di iyanrìn mú, ni wọ́n ti gé dáná tán, ẹja tó sì máa ń sá pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò náà ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn apẹja ń ti ojú omi bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n tó tutù lásán. Ní àgọ́ ìyanja ẹ̀gbọ́n Alága lóbìnrin, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Eléèéfín, omi ti gbé ààrò tó wà níwájú lọ, ó wá ń wo àwọn tó kù bí ológbò ṣe ń wo eku. Àìmọye ìgbà ni Ìyá Eléèéfín ti sọ ọ́ pé bí òjò tó ń bọ̀ bá bá àwọn báyìí, òun yóò palẹ̀ mọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun nílùú ńlá, kí ayé òun parí sínú ilé alájà tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọdọ̀ fi igi dáná.

Nígbà tí ìjọba wá kéde owó ìrànwọ́ fún àwọn ìlú etíkun, pé wọ́n á gbin igi padà, wọ́n á mọ odi dí omi, wọ́n á sì gbé iṣẹ́ ẹja dìde, Alága ni wọ́n ní kó bá wọn kọ̀wé. Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ débi pé nígbà tó kà á fún ẹgbẹ́, àwọn tó mọ̀ pé kò sí irọ́ kankan níbẹ̀ ń nu ojú, wọ́n ní kó tún un kà. Gbogbo ilé tí omi ti bà jẹ́ ló mẹ́nu bà. Tirẹ̀ nìkan ló fò.

Bẹ́ẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ilé Alága ti wọ inú òkun lọ nígbà òjò tó kọjá, tòun ti bẹ́ẹ̀dì àlejò àti pẹpẹ ìwé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Nígbà tó ń kọ́ ilé náà, tí wọ́n ń bi í pé ṣé kò ní sún un sókè díẹ̀ ni, gbangba ló dúró tó ṣàlàyé fún wọn pé òun ti kàwé nípa òkun, pé omi kankan ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Báwo ni yóò ṣe wá jẹ ọ̀rọ̀ náà padà? Ó ra aṣọ ìkélé àrán pupa tó nípọn, ó ta á bo ẹnu ọ̀nà tó ti inú pálọ̀ lọ sẹ́yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí àlejò bá bi í pé kí ló ń hó lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn, Alága a ní fáànù ni. Lọ́jọ́ tí iná ò sí pàápàá, fáànù náà ni.

Iṣẹ́ dé pé olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ wá wo bí nǹkan ṣe bà jẹ́ tó, kí ìjọba tó fọwọ́ sí owó náà. Ibí ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe, irú èyí tí ọmọlúàbí nìkan lè ṣe. Alága pe ìpàdé, ó ní àlejò ò gbọdọ̀ bá àwọn nínú ìdọ̀tí. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Wọ́n kó pàǹtírí etí omi. Wọ́n kó iyanrìn dí gbogbo kòtò tí òkun gbẹ́. Àwọn apẹja kun ọkọ̀ wọn, títí kan èyí tó ti jò tí kò lè wọ omi mọ́. Káfíńtà kan pákó tuntun bo gbogbo ibi tó ti jẹrà lára èbúté. Ìyá Eléèéfín ló wá fi adé dé e: ó ní àgbà wo ló ń fi ààrò òfìfo pàdé àlejò, ló bá ní kí wọ́n lọ ra ẹja wá láti ìlú òkèèrè. Ó tò wọ́n síta, ẹja ńláńlá, irú èyí tí omi wọn ò bí mọ́ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú.

Lọ́jọ́ náà, òkun gan-an hùwà ọmọ dáadáa. Ó fà sẹ́yìn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin ni olùyẹ̀wò, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún bí ẹni tó múra sílẹ̀ de ẹrẹ̀. Kò rí ẹrẹ̀. Alága ń mú un kiri, bó bá sì ti ní ibì kan dára, àyà Alága a fẹ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n yí etíkun ká tán ni obìnrin náà tó dúró níwájú ààrò.

“Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ kọ̀wé pé ilẹ̀ ń wó, mi ò rí i. Ẹ ní ẹja ti tán, mo sì rí ẹja tó sanra jù mí lọ níbí. Ohun tí ojú mi bá rí ni màá kọ.”

Ìyá Eléèéfín ní rírà ni àwọn rà á. Olùyẹ̀wò bi í pé ta ló ń ra ẹja wá sétí òkun. Káfíńtà ya ẹnu láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èbúté, ó rò ó dé ìdí, ó pa ẹnu dé. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpò.

“Kò burú,” Ìyá Eléèéfín ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ilé ọmọ mi dáa. Màá máa yan ẹja lójú àlá.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Alága bí abẹ́rẹ́. Èéfín ààrò wọ̀nyẹn ló rán an níléèwé. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó bẹ olùyẹ̀wò pé kó kàn yà nílé òun mu omi kó tó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀lé wọn, àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Alága gbé omi wá. Olùyẹ̀wò yin àga, ó yin fótò ìfẹ̀yìntì tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló tẹ́tí, torí òkun tó fà sẹ́yìn láàárọ̀ ti ń padà bọ̀ wálé.

“Kí ló ń dún yẹn, Bàbá?”

Fáànù ti dé orí ahọ́n Alága. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ife omi. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó sétí àga bí ẹni tó ti di ẹrù tán. Ó dìde, ṣòkòtò rẹ̀ pariwo, ó sì fa aṣọ ìkélé àrán náà sí apá kan.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí òrùlé, kò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Férémù ilẹ̀kùn ló dá dúró, òkun wà nínú rẹ̀ bí àwòrán tí wọ́n gbé kọ́. Àwòrán kì í wọlé bá èèyàn, ṣùgbọ́n ìgbì kan dìde, kò kanlẹ̀kùn, ó fọ káfẹ́ẹ̀tì, ó fọ bàtà òjò olùyẹ̀wò, ó sì gun ẹsẹ̀ Alága dé orúnkún. Sítáàṣì rọ pátápátá. Alága rìn sẹ́yìn, ṣòkòtò rẹ̀ ò dún.

Ìyá Eléèéfín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Àbúrò mi,” ó ní, “fáànù rẹ yìí mà lágbára o.”

Ẹ̀rín sọ nínú pálọ̀ náà. Ìyàwó Alága, tó ti di ẹ̀rín yẹn sínú láti ìgbà òjò, rín in títí tó fi jókòó sínú omi. Olùyẹ̀wò nu ojú, ó bi Alága pé kí ló dé tí kò fi ilé tirẹ̀ kún ti àwọn yòókù.

“Mo ti sọ fún wọn pé omi ò lè dé ibí,” Alága ní. “Ìwé ni mo sì fi là á yé wọn.”

Aṣọ ò wá bá Ọmọ́yẹ mọ́. Bí olórí ti tú tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń tú tiwọn. Káfíńtà sáré lọ tú pákó tó kàn, ó fi ibi tó jẹrà hàn. Àwọn apẹja ti ọkọ̀ tó jò sómi kí olùyẹ̀wò lè rí bó ṣe ń rì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di ìdíje: ẹni tí ògiri rẹ̀ kàn sán lásán ń bẹ obìnrin náà kó wá wò ó dáadáa, ẹni tí ilé rẹ̀ ti wó tán ń rìn bí olóyè. Kámẹ́rà ò sinmi títí oòrùn fi wọ̀.

Wọ́n rí owó náà gbà. Wọ́n mọ odi, wọ́n tún èbúté ṣe, wọ́n gbin igi etí omi lọ bẹẹrẹ, ẹja kéékèèké sì ti ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Eléèéfín ò lọ síbì kankan. Ó mọ ààrò tuntun dípò èyí tí omi gbé lọ, ó sì ń rojọ́ pé èéfín rẹ̀ pọ̀ jù.

Aṣọ ìkélé àrán náà ṣì wà níbẹ̀. Bí àlejò bá dé, Alága a dìde nínú aṣọ sítáàṣì, a rọra fà á bí ẹni ń ṣí eré, a fi igi tó ń hù níbi tí yàrá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n, a sì là á yé wọn pé òun lòún kọ́kọ́ mọ̀ nílùú yìí pé omi á dé ibẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà nítòsí, á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, á bi í wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú àlejò bóyá fáànù náà ṣì ń ṣiṣẹ́.