Sípíkà Mẹ́fà Nílé Wa ní Kotto

Ẹ má bá mi wí bí mo bá ń pariwo. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ sọ, inú mi sì ń dùn títí di òní.

Ọdún villes mortes ni, ìyẹn ìyanṣẹ́lódì “ìlú kú” tí wọ́n fi ń bá ìjọba jà, tí gbogbo ìsọ̀ ní Douala ń wà ní títì láti ọjọ́ Ajé títí di Jímọ̀, tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la lè ná ọjà. Ọdún náà gan-an ni ọkọ mi, Mùhúdíìnì, kó wa kúrò nínú yàrá méjì tí a há sí ní New Bell, lọ sí ilé tuntun tó kọ́ sí àdúgbò Kotto nínú ìlú kan náà. Ilé ńlá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn títí. Gbogbo wa ló yọ̀, àfi Ìyá, ìyá ọkọ mi.

Ẹsẹ̀ Ìyá kò gbé e mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ló ń dùbúlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó pe ọkọ mi, ó ní, “Ilé yìí dákẹ́ jù. Yẹ̀kínnì ará ìlú wa ń lọ sílé, sí Ìwó, ní Sunday. Mo ti bá a sọ ọ́, yóò mú mi dání.”

Ojú ọkọ mi pọ́n. Gbogbo wa la mọ irú ọ̀nà tó wà láàárín Douala àti Nàìjíríà, a sì mọ irú ẹsẹ̀ tí Ìyá ní. Bó bá lọ, a lè má fojú kàn án mọ́. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún Ìyá pé kò gbọdọ̀ lọ?

“Bó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ló ń lé e,” ni ọkọ mi wí fún mi, “màá lé ìdákẹ́jẹ́ náà jáde.”

Nígbà tó di Sátidé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi dé ọ̀dọ̀ Aurélien ní àdúgbò Akwa. Ilé ọtí rẹ̀ ti kógbá sílé nítorí la crise, ọ̀dá owó tó gbòde, ó sì ń ta ẹ̀rọ orin rẹ̀. Ọkọ mi rí sípíkà méjì tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn mọ́.

Mo ní, “Bàbá Bàrákàt, ṣé ilé ijó lẹ fẹ́ ṣí ni?”

“Àsàmáù, o ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ.”

“Mo mọ̀ nípa ilé. Méjì yìí á dí pálọ̀, Ìyá ò sì ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn. Kéékèèké mẹ́fà ni kí ẹ rà, ká fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ká má yọ kíṣìnnì mi sílẹ̀.”

Aurélien rẹ́rìn-ín. “Alhaji, madame a raison.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ní èmi ni mo jàre, díẹ̀ ló kù kí n jó níbẹ̀! Kékeré mẹ́fà la rà, Aurélien sì fi máíkì kan lé e fún wa.

Jonah, oníná tó wá láti Bamenda, ti ń dúró dè wá nílé. Ó fa wáyà gba òkè ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ń kù gìrì tẹ̀lé e, “Yára, yára!”

“Oga, small small,” ni Jonah ń wí. “If red touch black, all thing go burn.”

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì wáàsì kan bọnú ẹ̀rọ. Gbogbo ilé dún! Bàrákàt, ọmọ mi obìnrin, ń sáré láti yàrá dé yàrá: “Papa, ça parle! Ó ń sọ̀rọ̀ nínú cuisine!” Èmi alára pàtẹ́wọ́, mo sì gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

Ọkọ mi wá jókòó ní pálọ̀, ó gbé máíkì sẹ́nu bí ọba. “Ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Kò sí ìdáhùn. “Ìyá! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, inú ti ń bí i. A sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá jókòó sórí ibùsùn, omi wà lójú rẹ̀.

“Mo ti jẹ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta,” ló wí fún ọmọ rẹ̀. “Ní New Bell, bí mo bá wúkọ́, gbogbo yín lẹ ó bèèrè pé kí ló dé. Níbí, mo lè pe Bàrákàt láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó wá kí mi kí n ṣàdúà fún un, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ta ló sọ fún yín pé etí ló ń dùn mí?”

Ojú tì wá. Odindi ọ̀sẹ̀ la fi sá kiri nítorí ohun tí Ìyá yóò gbọ́, ẹnì kan kò ronú pé àgbà ló yẹ kí ilé máa gbọ́.

Mo figbe ta: “Jonah! Comot that microphone for parlour! Bring am for mama!”

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bá a fa wáyà. Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi tó ti ń jóná. Kò pẹ́, Ìyá họ ọ̀fun, ó sì dún káàkiri ilé.

“Bàrákàt, Àjọkẹ́, ṣé o ti kírun?”

Mo rí ọmọ náà tó kúnlẹ̀ gbọnrangandan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i àfi èmi.

“Mùhúdíìnì, Àkànní, ohùn rẹ ti há. Lọ mu omi.” Ó tún họ ọ̀fun. “Àbẹ̀ní.”

Èmi ni! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà nílé rẹ̀, “Ìyàwó” nìkan ló máa ń pè mí.

“Àbẹ̀ní, ọbẹ̀ rẹ ń jóná, mò ń gbóòórùn rẹ̀. Kí ẹnì kan lọ sọ fún Yẹ̀kínnì lálẹ́ yìí pé kó máa lọ ní tiẹ̀. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa pè yín lówùúrọ̀?”

Ẹkún ayọ̀ gbé mi. Mo ké láti kíṣìnnì pé, “Ẹ ṣeun, mà!” Ìgbà náà ni mo rántí pé kò lè gbọ́ mi níbẹ̀. Mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo sì sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.